Pátákó tí Mummy Kúnlé Kò Gbà Láti Sọ̀ Kalẹ̀

Ọdún tó tẹ̀lé ọdún kòrónà ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ní àkókò òjò, nígbà tí àwọn ọmọ ilé-ìwé wà nínú ọlidé gígùn, tí gbogbo aránṣọ tó wà ní Kétu àti Ìkòsí ń sáré rán yunifọ́ọ̀mù kí wọ́n tó wọlé padà. Lójú àwa àgbà, ó dà bí àná. Lójú àwọn ọmọ, ó ti di ìtàn. Ọmọbìnrin kan wà ní àdúgbò wa tó ń jẹ́ Bùsáyọ̀, ó ń yan kéèkì ní ìdáná ìyá rẹ̀, ó sì ń tà á lórí fóònù. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó bi mí bóyá lóòótọ́ ni ìjọba fìgbà kan wá lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nínú ilé wọn ní òpópónà wa yìí. Mo ní òótọ́ ni. Ó ní, "Báwo wá lẹ ṣe bọ́ níbẹ̀, Daddy?" Mo fẹ́ dá a lóhùn lórí ìdúró, mo wá rí i pé ọ̀rọ̀ náà ju ti orí ìdúró lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ ọ́ sílẹ̀.

Kí n kọ́kọ́ sọ ẹni tí mo jẹ́. Télọ̀ ni mí. Kí n tó ní ṣọ́ọ̀bù tèmi, mo ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ńlá kan tí wọ́n ti ń rán aṣọ, mo sì wà nínú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ibẹ̀ títí ilé iṣẹ́ náà fi kógbá sílé. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń da iṣẹ́ sílẹ̀. Ibẹ̀ náà ni mo ti rí i pé àwọn tó ń pariwo ló máa ń kọ́kọ́ rẹ̀. Èmi ò fẹ́ràn ariwo. Ìyàwó mi ní àgídí ni mo fi rọ́pò rẹ̀, mi ò sì bá a jiyàn. Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn aránṣọ ní ẹ̀ka tiwa. Ṣọ́ọ̀bù mi wà lójú títì níbi tí ìjọba fọwọ́ sí fún òwò, nítorí náà ọ̀rọ̀ náà kò kàn mí gbọ̀ngbọ̀n. Mummy Kúnlé ló kàn.

Ọmọ Ìsẹ́yìn ni Mummy Kúnlé. Òun àti ọkọ rẹ̀ jọ wá sí Èkó ni, nígbà tí ọkọ náà ń wa ọkọ̀ tó ń kó tòmátì wá sí Mile 12. Nígbà tó yá, àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lu Daddy Kúnlé, ó mú apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ kan, ó sì mú ọ̀rọ̀ kúrò lẹ́nu rẹ̀. Yàrá àti pálọ̀ ni wọ́n ń gbé, pálọ̀ náà sì ní ilẹ̀kùn tó kọjú sí òpópónà. Daddy Kúnlé a dùbúlẹ̀ sí yàrá, ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọbìnrin tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ a máa rán yunifọ́ọ̀mù ní pálọ̀, ògiri ló là wọ́n láàárín. Ìró ẹ̀rọ yẹn ni baba náà fi ń mọ̀ pé ìyàwó òun wà nítòsí. Bí ẹ̀rọ bá dákẹ́ ju ìgbà tí ènìyàn fi ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́ lọ, ṣíbí ni yóò máa fi gbá ògiri. Mummy Kúnlé a ní, "Mo wà ńbí o, Daddy," a sì tún fẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ. Ara baba a balẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń gbé nìyẹn, wọn kò sì tọrọ nǹkan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ẹgbẹ́ wa ní òfin kan tí a mú le gan-an. Ẹni tó bá ti kọ́ṣẹ́ parí, tó ti ṣe fírídọ̀mù, gbọ́dọ̀ gbé pátákó ẹgbẹ́ kọ́ síta, aláwọ̀ ewé tí wọ́n fi ọ̀dà yẹ́lò kọ orúkọ sí, ibi yòówù kó ti máa rán aṣọ, ì báà jẹ́ ṣọ́ọ̀bù, ì báà jẹ́ ilé. Ẹni tí kò bá gbé e kọ́, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ á lọ yọ orí ẹ̀rọ rẹ̀, wọ́n á gbé e lọ sí ilé alága, ó di ìgbà tó bá wá bẹ̀bẹ̀ kó tó rí i gbà. Bí a ṣe ń lé àwọn tí kò kọ́ṣẹ́ dójú àmì kúrò láàárín wa nìyẹn. A sì ń fi pátákó yẹn yangàn. Bí o bá dúró ní ẹnu òpópónà wa, wàá rí gbogbo aránṣọ tó wà níbẹ̀ láì béèrè lọ́wọ́ ẹnì kan. Kò sí ẹni tó ronú nínú wa pé ẹlòmíràn náà lè dúró síbẹ̀ kó máa wò wá.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kan báyìí, àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì tó ń rí sí ètò ilé àti àdúgbò dé pẹ̀lú ọ̀dà pupa àti ìwé tí wọ́n fẹ́ lẹ̀. Láti orí pátákó kan ni wọ́n ti ń bọ́ sórí òmíràn. Wọn kò tilẹ̀ yọjú wo inú ilé kankan. Ìgbà tí mo fi máa sáré débẹ̀ láti ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ti wà níwájú pálọ̀ Mummy Kúnlé, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó jẹ́ olórí wọn sì ń bá a sọ̀rọ̀.

"Mummy, ta ló ni sáìnbọ́ọ̀dù yìí?"

"Èmi ni."

"Ẹ ní pámíìtì?"

"Pámíìtì kí ni? Pálọ̀ mi rèé."

"Ilé gbígbé ni ilé yìí, mà. Ẹ ò lè sọ ọ́ di ṣọ́ọ̀bù. Láńlọ́ọ̀dù yín ló máa wá gbàṣẹ pé òun fẹ́ yí ilé padà sí ilé òwò."

"Lọ́dún tó kọjá, ẹ̀yin náà lẹ ní ká jókòó sílé. Ẹ ní ẹni tó bá lè ṣiṣẹ́ látilé kó máa ṣe é. Mo jókòó sílé, mò ń ṣiṣẹ́. Èwo wá ni mo ṣẹ̀?"

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, kì í ṣe ọmọ burúkú. Ó ní, "Mummy, wọ́n kàn rán mi níṣẹ́ ni o." Ó lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn, ó fi ọ̀dà pupa sàmì sára ògiri, ó sì kìlọ̀ pé bí àwọn bá padà wá tí àwọn gbọ́ ìró ẹ̀rọ, gbogbo ilé làwọn máa tì pa. Láńlọ́ọ̀dù gbọ́ èyí, ẹ̀rù bà á. Kí wọ́n tó kúrò ní òpópónà, ó ti wá bẹ Mummy Kúnlé pé nítorí Ọlọ́run, kó má fọwọ́ kan ẹ̀rọ náà mọ́.

Ẹ̀rọ náà wà ní pálọ̀, aṣọ tó ti gé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀, kò sì lè ṣe nǹkan kan. Mo lọ kí i lọ́jọ́ kejì. Láti ìta ni mo ti ń gbọ́ tí ṣíbí ń gbá ògiri. "Mo wà ńbí o, Daddy." Ṣíbí a dákẹ́ díẹ̀, a tún bẹ̀rẹ̀. Ohùn rẹ̀ nìkan kò tó baba náà mọ́. Mo wo obìnrin náà, ojú rẹ̀ ti wọnú. Ó dùn mí dé egungun, mi ò ní purọ́.

Mo ní kó jẹ́ ká bá a wá ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lójú títì. Ó ní, "Ọ̀gá akọ̀wé, tí mo bá lọ ṣọ́ọ̀bù, ta ni yóò máa dá a lóhùn?"

A pe ìpàdé ẹgbẹ́. Àwọn tí wọ́n lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn wọn wà níbẹ̀, obìnrin ló pọ̀ jù nínú wọn. Alága wa, Ọ̀gá Sùlé, tó jẹ́ ẹni tó lè sọ̀rọ̀ títí omi á fi gbẹ nínú ìkòkò, ní ká sọ gbogbo pátákó kalẹ̀, ká fara pamọ́ fún ìgbà díẹ̀, òun á wá ẹni tí òun mọ̀ lọ́hùn-ún, wọ́n á fi nǹkan bò ó lójú. Àwọn ọ̀dọ́ fárígá. Wọ́n ní ká lọ dí ojú títì Ìkòròdú, kí mọ́tò má kọjá. Mo bi wọ́n pé kí ni awakọ̀ tó ń ti Ìkòròdú bọ̀ fi ṣẹ àwa aránṣọ. Ariwo sọ. Nígbà tí Mummy Kúnlé dìde, ó pẹ́ kí wọ́n tó dákẹ́.

Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ ní kí n gbé pátákó kọ́. Mo gbé e kọ́. Mo kọ́ṣẹ́ yìí lọ́wọ́ ọ̀gá tó ń fi rúlà gbá ọwọ́, mo ṣe fírídọ̀mù, orúkọ mi ló wà lára ẹ̀. Mi ò ní sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Olè ló máa ń fara pamọ́."

Alága ní, "Mummy Kúnlé, ọgbọ́n ni mò ń kọ́ yín."

"Ọgbọ́n yẹn kò ní rán yunifọ́ọ̀mù, Ọ̀gá. Wọ́n ní inú ilé kì í ṣe ibi iṣẹ́. Ó dáa. Ọ́fíìsì wọn ńkọ́? Ṣé ibi iṣẹ́ kọ́ ni? Ẹ jẹ́ ká gbé ẹ̀rọ lọ bá wọn níbẹ̀."

Wọ́n kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kúrò díẹ̀díẹ̀, wọ́n wá ń wo ara wọn. Èmi ni mo kọ́kọ́ nawọ́ sókè pé mo fara mọ́ ọn. Mo kàn bẹ̀ wọ́n pé kò gbọdọ̀ sí orin, kò gbọdọ̀ sí èébú. Ká kàn máa rán aṣọ. Mo tún ní kí Mummy Kúnlé jẹ́ ká sọ ọ̀rọ̀ ọkọ rẹ̀ fún wọn níbẹ̀, nítorí ẹni tó bá gbọ́ ọ, àánú á ṣe é. Ó kọ̀ jálẹ̀. Ó ní, "Mi ò ní lọ fi ọkọ mi tọrọ báárà. Ohun tó tọ́ sí mi ni mò ń béèrè." Gbogbo wa gbà fún un.

Bí a ṣe kó ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ sínú kẹ̀kẹ́ àti ọmọlanke nìyẹn, a tò wọ́n sábẹ́ igi fúrúùtù níwájú ọ́fíìsì náà. Mummy Kúnlé ti ní kí àbúrò rẹ̀ wá jókòó ti ọkọ rẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀. Kò sí ẹni tó dí ẹnu ọ̀nà. Olùṣọ́ ẹnu géètì sáré jáde. "Ẹ̀yin Mummy, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ ń ṣe níbí? Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n lé mi ni?" Mo ní, "Aṣọ la ń rán. Ṣé èyí tó já lẹ́yìn ṣòkòtò rẹ yẹn, kí a bá ọ rán an?" Ó fọwọ́ kan ẹ̀yìn, ojú tì í. Ó padà sórí àga rẹ̀. Nígbà tó di ọ̀sán, àwọn ìyá ọmọ tó ń wá yunifọ́ọ̀mù ti mọ ibi tí a wà. Wọ́n ń mú ọmọ wá síbẹ̀ kí a fi aṣọ wọ̀ wọ́n wò. Àwọn òṣìṣẹ́ ń yọjú láti ojú fèrèsé, àwọn kan nínú wọn ń rẹ́rìn-ín, ó sì dá mi lójú pé àwọn kan nínú wọn ní yunifọ́ọ̀mù ọmọ tiwọn lọ́dọ̀ wa.

Níkẹyìn, ọ̀gá wọn pe èmi àti Mummy Kúnlé wọlé. Obìnrin ni, Madam ni gbogbo wọn ń pè é, ó fara balẹ̀, ó sì fún wa ní àga.

Ó ní, "Ẹ wò ó, mi ò bínú yín. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ tèmi náà. Tí mo bá ní kí ẹ máa rán aṣọ nínú ilé, ẹni tó ń fi ẹ̀rọ lọ ata ńkọ́? Wẹ́dà ńkọ́? Ṣé kí gbogbo wọn wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ènìyàn ń sùn sí?"

Mo ní, "Madam, ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ kì í ṣe wẹ́dà."

"Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ ló dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹnì kan ní òpópónà yín ló wá sọ pé àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nínú ilé ò jẹ́ kí òun rí oorun sùn."

Mummy Kúnlé béèrè pé ta ni. Madam ní òun kò lè sọ. A jáde, inú mi sì bàjẹ́, nítorí òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ Madam. Èmi náà ò lè gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wẹ́dà. Mummy Kúnlé jókòó sídìí ẹ̀rọ rẹ̀, ó ń rán aṣọ lọ.

Ní ọjọ́ kejì tí a padà síbẹ̀, kẹ̀kẹ́ kan dúró níwájú ọ́fíìsì. Tíṣà ló sọ̀ kalẹ̀. Tíṣà ni à ń pe baba tó ń gbé ilé kejì sí ti Mummy Kúnlé, ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í pọ̀. Òun àti oníkẹ̀kẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹnì kan sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Daddy Kúnlé ni. Ṣíbí rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Mummy Kúnlé fò dìde. "Tíṣà! Ta ló ní kí ẹ gbé e wá síbí? Mo ti ní mi ò fẹ́!"

"Ẹ bínú tán, mo ń dúró," ni Tíṣà wí. "Àbúrò yín tí ẹ fi tì í ti sunkún títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Látàná ni baba yìí ti ń gbá ògiri. Ògiri ilé mi fara kan tiyín."

Wọ́n gbé baba náà jókòó sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìyàwó rẹ̀. Ó ń gbọ̀n, ojú rẹ̀ ń wá kiri. Ìbínú ṣì wà lójú Mummy Kúnlé, ṣùgbọ́n ó jókòó, ó fẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ. Baba náà yí orí síbi ìró náà. Ó gbé ṣíbí rẹ̀ lé ẹsẹ̀, ó mí kanlẹ̀, ojú rẹ̀ sì rọ̀. Gbogbo wa tó wà níbẹ̀ rí i. Mo ti lọ sí oríṣiríṣi ìfẹ̀hónúhàn láyé mi, mo ti rí i tí ọlọ́pàá fi tajútajú lé wa, n kò sunkún rí. Ọjọ́ yẹn ni mo sunkún.

Madam ti jáde sí ẹnu ọ̀nà. "Ta ni baba yìí?"

Mummy Kúnlé kò dá ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró. "Ọkọ mi ni, mà."

Tíṣà wá sún mọ́ Madam. Ó ní, "Èmi ni mo wá fẹjọ́ sùn níbí. Wẹ́dà tó ń gbé jẹnẹrétọ̀ sábẹ́ fèrèsé mi ni mo sọ fún yín. Wẹ́dà kò ní sáìnbọ́ọ̀dù, ẹ ò rí i. Àwọn wọ̀nyí ní sáìnbọ́ọ̀dù, ẹ lọ bá wọn. Ìró ẹ̀rọ obìnrin yìí ni mo fi ń sùn lọ́sàn-án. Ẹ̀yin gan-an lẹ wá gba oorun náà lójú mi."

Ẹ̀rín pa àwọn kan, ṣùgbọ́n Madam kò rẹ́rìn-ín. Daddy Kúnlé ló ń wò. Ó wá ní kí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ lọ ṣí ìwé kúrò lára ilẹ̀kùn gbogbo àwọn aránṣọ tí ọ̀rọ̀ kàn. Ó ní kí kálukú máa rán aṣọ nínú ilé rẹ̀, ẹ̀rọ kan péré, láìsí jẹnẹrétọ̀, láìsí ọmọ iṣẹ́, àti láìsí pátákó níta. Mo béèrè bóyá ó lè kọ ọ́ sílẹ̀ fún wa. Ó ní, "Ọ̀gá akọ̀wé, ẹ má fi ipá mú mi. Àánú ni mo fi ṣe èyí."

Àwọn ènìyàn wa ti ń yọ̀. Mo wo Mummy Kúnlé. Ó ní, "A dúpẹ́, mà," bí ó ti yẹ kí ènìyàn wí i, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ kò dùn, mo sì mọ ìdí rẹ̀. Ohun tó ní òun kò ní fi tọrọ ni wọ́n fi ṣàánú rẹ̀.

Ó padà sí pálọ̀ rẹ̀, ṣíbí sì dákẹ́. Èyí ni ohun tí a jèrè, mi ò sì ní fojú kéré rẹ̀, nítorí ọkùnrin kan rí ìfọ̀kànbalẹ̀ nínú ìyókù ọjọ́ ayé rẹ̀. Ó kú ní ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà, lọ́sàn-án, nígbà tí ẹ̀rọ ń lọ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọbìnrin tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ìyàwó rẹ̀ ní láti lọ, ọ̀kan nínú wọn kò padà sídìí iṣẹ́ náà mọ́ láéláé. Wẹ́dà kó lọ sí Owódé Onírin, Tíṣà sì ń sun oorun rẹ̀. Wọ́n ti gbé Madam lọ sí ibòmíràn. Ẹni tó bá dé sórí àga rẹ̀ lọ́la lè jí pẹ̀lú ọ̀dà pupa, a kò sì ní nǹkan kan tí a lè nà sí i pé wò ó, ẹ ti gbà fún wa. Òfin tó yẹ kó ya ẹlẹ́rọ ẹlẹ́sẹ̀ àti oníkéèkì sọ́tọ̀ kúrò lára wẹ́dà, a kò tíì rí i gbà.

Ní ti pátákó, Mummy Kúnlé kò sọ̀ ọ́ kalẹ̀ títí tó fi rí i pé wọ́n á tún lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn àwọn yòókù nítorí tirẹ̀. Nígbà náà ló wá gbé e wọlé. Ó kàn án mọ́ ògiri pálọ̀, sí òkè ẹ̀rọ, níbi tí ẹni tó bá wọlé nìkan ti lè kà á.

Lẹ́yìn tí mo sọ díẹ̀ nínú èyí fún Bùsáyọ̀, ó ní òun fẹ́ gbé pátákó kéèkì òun kọ́ síta, ṣé kí òun gbé e kọ́ ni àbí kí òun má gbé e kọ́. Mo ní kó lọ bi Mummy Kúnlé, èmi náà sì tẹ̀lé e. Obìnrin náà gbọ́ ọ tán, ó gun àga, ó yọ pátákó rẹ̀ kúrò lára ògiri, ó fi etí ìró nu eruku tó bo orúkọ rẹ̀. Ó gbé e lé Bùsáyọ̀ lọ́wọ́ kó mọ bó ṣe wúwo tó.

Ó ní, "Kó àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ jọ. Tí ẹ bá ti ṣe tán, ẹ wá pè mí, ká jọ padà lọ sí ọ́fíìsì yẹn. Lọ́tẹ̀ yìí, a ò ní gbé aláìsàn kankan lọ. Pátákó la máa gbé."